Láti Ìkòròdú dé orí Gangirwal: bí a ṣe ń múra fún ìrìn òkè tí kò ní ojú ọ̀nà

Ìkòròdú ni mo ti ń kọ ìtọ́sọ́nà yìí, àwa tí a ń gbé ilẹ̀ pẹrẹsẹ etí ọ̀sà ni mo sì ń kọ ọ́ fún, àwa tó ń wù pé ká gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn ká fi ẹsẹ̀ dé ibi tí mọ́tò kò lè dé. Ibi tí mo ní lọ́kàn ni Ọgbà Orílẹ̀-èdè Gashaka-Gumti, ní Ìpínlẹ̀ Taraba àti Adamawa, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù. Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè. Ó fẹ̀ ju 6,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ìpínlẹ̀ Èkó wa kò ju 3,577 lọ, nítorí náà ọgbà kan ṣoṣo yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Èkó méjì. Ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 450 mítà, ó sì ń gòkè títí dé 2,419 mítà lórí Gangirwal, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Chappal Waddi. Kò sí òkè tó ga tó o ní Nàìjíríà.

Kò sí àtẹ̀gùn, kò sí ọfà tó ń júwe ọ̀nà. Ojú ẹsẹ̀ màlúù ni ẹ máa tọ̀ níbì kan, etí odò níbòmíràn, níbi tó kù, ẹ̀yìn afinimọ̀nà ni ẹ máa wà nínú koríko. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ohun kan fún gbogbo ẹni tó bá bi mí: ilé la ti ń rin ìrìn yìí. Ẹni tó múra dáadáa ní Ìkòròdú, tó sì gbà pé afinimọ̀nà ló ni àṣẹ, yóò dé, yóò sì gbádùn rẹ̀. Ẹni tó gbójú lé agbára nìkan yóò fìyà jẹ ara rẹ̀, yóò sì fi jẹ àwọn tó bá a lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú àkókò, kí ẹ sì gbọ́ ìròyìn ibẹ̀

Òjò ibẹ̀ pọ̀. Ní ìhà àríwá ọgbà, ó ń tó nǹkan bíi 1,200 mìlímítà lọ́dún. Ní ìhà gúúsù tí òkè pọ̀ sí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000. Láti oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá, odò á kún bo òkúta, òkè á máa yọ̀, alùpùpù gan-an kò ní lè kọjá níbòmíràn. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà, oṣù kìíní àti oṣù kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ní oṣù kọkànlá, koríko ṣì lè ga ju orí ènìyàn lọ, ẹ ò sì ní rí ibi tí ẹ ń tẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù kìíní, iná á ti jó ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, ojú ilẹ̀ á ti là. Ọyẹ́ ni wàhálà ìgbà yẹn: eruku rẹ̀ lè bo òkè tí ẹ fẹ́ wò, òtútù òru rẹ̀ sì mú. Síbẹ̀, mo fara mọ́ eruku ju ẹrẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan, ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Taraba ti rí ìjínigbé àti ìjà láàárín àwọn ará ìlú lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, bí nǹkan ṣe rí lóṣù yìí sì lè yàtọ̀ sí ti oṣù tó ń bọ̀. Serti ni olú-ọ́fíìsì ọgbà wà. Ẹ pè wọ́n lóṣù méjì ṣáájú, ẹ tún pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ gbéra. Ẹ bá ẹni tó ń gbé Jalingo tàbí Serti sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, yálà ọmọ ìjọ yín, ará mọ́ṣáláṣí yín, tàbí agùnbánirọ̀ tó ń sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Mi ò rí òkè tó tó kí ènìyàn kú nítorí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: afinimọ̀nà

Ẹ kò gbọdọ̀ wọ ọgbà láìgba ìwé àṣẹ, ẹ má sì rò pé ẹ máa dá rìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ló ń mú àlejò wọlé, wọ́n sì mọ àwọn ará abúlé tó lè bá yín gbé ẹrù. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọn kì í bi afinimọ̀nà ní ìbéèrè kankan, àfi iye owó. Ẹ bi í ìgbà tó rin ọ̀nà yẹn kẹ́yìn. Ẹ bi í ibi tí omi wà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, torí pé odò kéékèèké máa ń gbẹ lápá ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹnì kan bá dá lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ọ̀nà wo ló kúrú jù láti gbé e jáde? Ilé ìwòsàn wo ló sún mọ́ jù tó ní oògùn oró ejò? Afinimọ̀nà tó mọ iṣẹ́ kò ní bínú sí irú ìbéèrè wọ̀nyí. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹ̀yin kì í ṣe àwọn tó wá ya fọ́tò lásán.

Ẹ sọ ọ̀rọ̀ owó tán kí ẹ tó gbéra: ti afinimọ̀nà, ti aláàárù, ti alùpùpù. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀yin lẹ máa bọ́ wọn, torí pé bó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, oúnjẹ tí ẹ máa gbé á sì pọ̀ sí i. Ẹ bi í ìwọ̀n ẹrù tí aláàárù kan máa gbé, ẹ má sì fi nǹkan kan kún un lẹ́yìn náà. Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ má gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wá síbi ìkòkò tí gbogbo yín á jọ jẹ, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún àkókò ìrun, kí ẹ sì wo kàlẹ́ńdà bóyá ààwẹ̀ Ramadan bọ́ sí ọjọ́ tí ẹ mú.

Ènìyàn mẹ́rin sí mẹ́jọ ló dára jù. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó máa dúró de ara yín títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹsẹ̀ yín, láti Ìkòròdú

Ó kéré tán, ẹ fi oṣù méjì sí i. Oṣù mẹ́ta ló sàn jù. A kò ní òkè ní Ìkòròdú, ṣùgbọ́n a ní píọ́ wọ́tà. Báàgì píọ́ wọ́tà kan tó ní ogún ọ̀rá, tí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 sẹ́ńtílítà, jẹ́ lítà mẹ́wàá. Kìlógíráàmù mẹ́wàá nìyẹn. Kò sí ìwọ̀n tó dájú tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti rí ní gbogbo àdúgbò. Ẹ fi ọ̀rá mẹ́jọ sínú báàgì ẹ̀yìn yín lọ́sẹ̀ kìíní, kí ẹ sì rìn fún wákàtí kan. Ẹ máa fi ọ̀rá méjì méjì kún un títí ẹ ó fi gbé ìwọ̀n tí ẹ máa gbé lórí òkè. Òùngbẹ kò ní gbẹ yín lọ́nà.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà Igbógbo sí Báyékù ní kùtùkùtù Sátidé, kí oòrùn tó mú. Ẹ jọ lọ ní ẹgbẹ́, torí pé ẹni tó bá dá gbé báàgì ńlá rìn nídàájí máa ń fa ojú mọ́ra. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọjá lọ sí Ọjọ́tà tàbí Kétu, ẹ lo bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀: ẹ gùn ún, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tún un ṣe fún ìdajì wákàtí. Ẹ fi ọkàn sí sísọ̀ kalẹ̀ ju gígùn lọ. Gígùn ń mú èémí wa, sísọ̀ kalẹ̀ ló ń ba orúnkún jẹ́. Bí ìdí ẹ̀yìn tàbí orúnkún bá ń ro yín fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ẹ dín ẹrù kù, ẹ má tijú.

Lẹ́yìn oṣù kìíní, ẹ wá òkè gidi lọ. Olúmọ ní Abẹ́òkúta sún mọ́ wa jù, ṣùgbọ́n ó tètè tán. Òkè Ìdànrè ní Ondó ló kọ́ni níṣẹ́, torí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ẹ sì lè gbé ẹrù yín gùn ún. Ibi tó jọ Gashaka jù lọ lójú tèmi ni ìṣàn omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje ló ní. Àwọn àlejò sábà máa ń dúró sí ìpele ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá mú ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà, kí ẹ máa gòkè lọ, ẹ óò di gbòǹgbò mú, ẹ óò fi ọwọ́ ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ó sì mọ̀ lọ́jọ́ yẹn ẹni tó máa ń bínú nínú ẹgbẹ́ yín nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Ó sàn kí ẹ mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàtà. Ẹ ra á kí ìmúrasílẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa wọ̀ ọ́ títí. Bàtà bẹ́ńdáńsẹ̀lẹ́ẹ̀tì lè dára gan-an, mo ti rí èyí tó lágbára nínú òkìtì ọjà, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ká a. Bí ìsàlẹ̀ bá ń là fínnífínní, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ fi èékánná àtàǹpàkò tẹ rọ́bà àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bàtà tó ti pẹ́ jù nílé ẹrù máa ń rún láti inú wá, ó lè rí bíi tuntun lóde, kí gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣí kúrò lọ́jọ́ kejì lórí òkè. Ẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ẹ ti ẹsẹ̀ síwájú. Ó yẹ kí ìka ọwọ́ kan wọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ á máa gbá iwájú bàtà nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, èékánná á sì dúdú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹrù

Ẹ má gbé ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara yín lọ. Ẹni tó bá wọn kìlógíráàmù 70 kò gbọdọ̀ gbé ju 14 lọ, omi àti oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé báàgì lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwọ̀n ní Sábọ̀, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ padà sílé lọ yọ nǹkan kúrò. Gbogbo wa la máa ń yọ nǹkan kúrò.

Ohun tí ọmọ Ìkòròdú kì í gbà gbọ́ ni òtútù ibẹ̀. Bí a bá ṣe ń gòkè, afẹ́fẹ́ ń tutù ní nǹkan bíi ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì mẹ́fà ààbọ̀ fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Láti ìsàlẹ̀ ọgbà dé orí Gangirwal fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 2,000 mítà, ẹ yọ mẹ́tàlá kúrò nínú òtútù òru ọyẹ́, kí ẹ wo ohun tó kù. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kò tíì sí nínú ìṣirò yẹn. Nítorí náà, àpò ìsùn tó nípọn, ẹní fóòmù tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ (ilẹ̀ ló ń fa ooru ara jù), sùwẹ́tà méjì, jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ kò lè là kọjá, fìlà onírun àti ìbọ̀wọ́. Gbogbo èyí wà nínú òkìtì aṣọ òkìríkà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, torí pé kò sẹ́ni tó ń dù ú mọ́ wa lọ́wọ́ ní Èkó. Ẹ yàgò fún aṣọ òwú fún ìrìn. Òwú ń mu òógùn, kì í tètè gbẹ, tí oòrùn bá sì ti wọ̀, aṣọ tútù á di òtútù lára. Èyí tó fúyẹ́ tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù sàn jù.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọ̀ aṣọ pẹ̀lú. Eṣinṣin tsetse, èyí tó ń tan àrùn oorun (sleeping sickness) kálẹ̀, wà nínú igbó ìsàlẹ̀ ọgbà, búlúù àti dúdú sì ń fà á mọ́ra. Aṣọ búlúù àti dúdú ni wọ́n tiẹ̀ fi ń dẹ pàkúté fún un. Ẹ fi àdìrẹ àti jíǹsì sílé. Àwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti ewé gbígbẹ ló dára, kó gùn dé ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀, kó sì nípọn díẹ̀, torí pé ó lè gún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọjá.

Bí ẹ ṣe máa to báàgì náà nìyí. Ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú ńlá, irú èyí tí a ń dalẹ̀ sí, sínú báàgì gẹ́gẹ́ bí ìtẹ́nú. Àpò ìsùn ló ń lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ohun tó wúwo, bí oúnjẹ, ìkòkò àti omi, kó sún mọ́ ẹ̀yìn yín láàárín èjìká méjèèjì. Bó bá jìnnà sí ẹ̀yìn, á máa fà yín sẹ́yìn lórí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Aṣọ á dí àyè tó kù. Rénkóòtù, tọ́ọ̀ṣì orí àti ohun tí ẹ máa jẹ lọ́sàn-án á wà lókè. Ẹ ká ẹnu ọ̀rá náà, ẹ so ó. Nígbà tí ẹ bá gbé e, bẹ́líìtì ìbàdí ni kó kọ́kọ́ le, kí egungun ìbàdí gbé ìwọ̀n tó pọ̀ jù, èjìká kàn ń mú báàgì dúró ni.

Oògùn: ẹ rí dókítà lóṣù kan ṣáájú nítorí oògùn tó ń dènà ibà, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú àti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ mú ORS (iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tí omi ara rẹ̀ bá gbẹ), parasitámọ́ọ̀lù, báńdéèjì fífẹ̀, pílásítà tó pọ̀, àti oògùn tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée (asthma) tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ́dọ̀ sọ fún afinimọ̀nà àti fún ẹnì kan nínú ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: oúnjẹ

Nǹkan bíi 700 gíráàmù oúnjẹ gbígbẹ fún ẹnì kan lọ́jọ́ kan, ìyẹn ló máa ń tó wa. Gààrí ni olórí rẹ̀: 100 gíráàmù rẹ̀ ń fún ara ní nǹkan bíi kálórì 350, ẹ̀pà sísun sì ju 550 lọ, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ jọ lọ. Kúlíkúlí, dàbínù, mílíìkì gbígbẹ, ṣúgà. Ẹ̀lùbọ́ wúlò gan-an, torí pé omi gbígbóná àti ọmọorógùn ló fẹ́, kò fẹ́ iná tó pẹ́.

Ẹ má gbé ẹ̀wà tútù lọ. Omi ń hó ní ìwọ̀n tó rẹlẹ̀ bí a bá ṣe ń gòkè. Lórí Gangirwal, nǹkan bíi 92 ló ti ń hó dípò 100. Yóò máa hó lójú yín, ẹ̀wà kò sì ní jinná bọ̀rọ̀, igi á tán. Ìrẹsì pàápàá á pẹ́. Fún ọbẹ̀, ẹ din ata nílé títí omi á fi tán pátápátá lára rẹ̀, tí òróró á fi léfòó, kí ẹ rọ ọ́ sínú ike tí ọmọrí rẹ̀ le. Ẹ kọ́kọ́ sè é wò: ẹ gbé ike náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin láìsí fíríìjì, kí ẹ tó gbọ́kàn lé e. Ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń tà ní Ebute Ìpakodò, ẹ yọ orí àti egungun rẹ̀ kúrò, ẹ gún un pẹ̀lú edé. Ìkúnwọ́ kan nínú ìkòkò, gbogbo àgọ́ á máa rùn dídùn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà á sì béèrè ibi tí irú ẹja bẹ́ẹ̀ ti wá.

Ẹ dì í lọ́jọ́ọjọ́: ọ̀rá kan fún ọjọ́ kan, ẹ kọ nọ́ńbà sí i lára. Kí ọjọ́ kan wà lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọ̀nà

Bàálù láti Ìkẹjà, ẹ gba Àbújá, kí ẹ sọ̀ sí Jalingo tàbí Yola, èyí tó bá wà lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ kúrò ní Ìkòròdú kí ilẹ̀ tó mọ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn pàdánù bàálù. Wọn kì í gba agolo gáàsì nínú bàálù rárá, nítorí náà igi tí afinimọ̀nà bá ní kí ẹ lò ni ẹ máa fi dáná. Páwà báǹkì ń lọ sínú báàgì ọwọ́, ọ̀bẹ sínú èyí tí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Láti Jalingo, mọ́tò ń gba Bali lọ sí Serti. Ọ̀sán nìkan ni kí ẹ rìn. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú bá yín ní Bali, ẹ sùn síbẹ̀. Ẹ lo òru kan ní Serti pẹ̀lú, kí ara sinmi, kí ẹ parí ìwé àṣẹ, kí ẹ sì fi ètò yín sílẹ̀ ní kíkọ: orúkọ gbogbo yín, ọjọ́ tí ẹ máa padà, nọ́ńbà ará ilé. Irú ìwé yẹn kan náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìkòròdú tó mọ ọjọ́ tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ́fíìsì ọgbà. Ẹ má retí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú ọgbà.

Ìgbésẹ̀ keje: bí a ṣe ń rìn níbi tí kò sí ọ̀nà

Afinimọ̀nà ló ń síwájú. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́ra jù ló ń tẹ̀ lé e, ẹni tó lágbára tó sì ní sùúrù ló ń kẹ́yìn. Bí ẹ bá ti fi ẹni tó lọ́ra sẹ́yìn, gbogbo ìgbà tó bá máa fi bá yín ni ẹ óò ti sinmi tán, ẹ óò gbéra, òun kò sì ní sinmi rárá. Mo ti rí ẹni tó sunkún nítorí ìyẹn.

Ẹ rìn níwọ̀n tí ẹ fi lè máa sọ̀rọ̀. Tí ẹ kò bá lè parí gbólóhùn kan láìmí hẹlẹ, ẹ ti yára jù. Níbi tó ga gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ má kọjú sí i gbọọrọ, ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ yà sósì. Ẹ fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ níwájú nínú koríko, kí ẹ sì jìnnà sí ara yín díẹ̀ níbi tí òkúta ti ń yẹ̀, kí èyí tí ẹni iwájú bá tẹ̀ má bàa yí lu ẹni ẹ̀yìn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bojú wẹ̀yìn, torí pé ibi tí ẹ gbà kọjá kì í jọ ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀.

Bí ẹnì kan kò bá rí àwọn yòókù mọ́, kó dúró lójú kan. Kó fun fèrè nígbà mẹ́ta, kó dákẹ́, kó tún fun ún. Kó má wá wọn kiri. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní fèrè lọ́rùn, tọ́ọ̀ṣì àti omi lọ́wọ́, nígbà gbogbo, kódà tó bá fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ tọ̀.

Ẹ rántí pé ìlà oòrùn ni ẹ wà. Aago kan náà la ń lò, ṣùgbọ́n oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí ṣáájú ti Ìkòròdú. Kí àgọ́ ti dúró ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Àwọn ibi tó léwu

Odò. Ẹ jẹ́ kí afinimọ̀nà yan ibi tí ẹ máa gbà. Ibi tó fẹ̀ kì í sábà jìn tó ibi tó há. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kúrò, kí ẹ tún wọ bàtà padà, torí ẹsẹ̀ lásán máa ń yọ̀ lórí òkúta. Ẹ tú bẹ́líìtì ìbàdí báàgì, kí ẹ lè bọ́ ọ dànù bí ẹ bá ṣubú. Ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ fi ọ̀pá gúnlẹ̀ níwájú, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ọ̀pá àti ẹsẹ̀ kejì ti dúró ṣinṣin. Omi tó ń sáré tó sì ju orúnkún lọ, ẹ má wọ̀ ọ́.

Omi mímu. Bó ti wù kó mọ́ gaara tó, màlúù wà lókè. Ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá ti kọjá 2,000 mítà, kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ẹsẹ̀. Bí ibì kan bá ti ń gbóná lẹ́sẹ̀ yín, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á dúró. Ẹ nu ún gbẹ, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Tó bá ti lé ròrò, ọjọ́ mẹ́ta ni.

Òtútù. Bí ẹnì kan bá ń gbọ̀n, tí kò lè so okùn bàtà ara rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń wọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kó sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ẹ wọ gbígbẹ fún un, ẹ gbé e sínú àpò ìsùn, kí ẹnì kan sùn tì í, ẹ fún un ní tíì gbígbóná tó ní ṣúgà púpọ̀. Ẹ má fún un ní ọtí.

Ejò. Ní ìhà àríwá Nàìjíríà, paramọ́lẹ̀ kékeré kan wà tó ń bu ènìyàn ṣán jù lọ, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti ilẹ̀. Ẹ má ki ọwọ́ sábẹ́ òkúta tàbí ìdí igi tí ẹ kò rí inú rẹ̀, ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Bó bá bu ẹnì kan ṣán, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fẹnu fà á, ẹ má so okùn mọ́ ọn, ẹ má fi òkúta dúdú lé e. Ẹ bọ́ òrùka àti aago rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ gbé e. Ilé ìwòsàn Kaltungo ní Ìpínlẹ̀ Gombe lókìkí fún ìtọ́jú oró ejò, ṣùgbọ́n ó jìnnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ béèrè èyí tó sún mọ́ kí ẹ tó kúrò ní Serti.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: àwọn tó ni ilé

Ènìyàn ń gbé inú ọgbà náà. Àwọn Fúlàní darandaran ní abúlé lórí òkè, àwọn mìíràn sì ń dáko ní ìsàlẹ̀ bíi ní abúlé Gashaka. Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. "Sannu" á mú ojú wọn tújú, "ina kwana" láàárọ̀. Ẹ lọ kí baálé abúlé pẹ̀lú afinimọ̀nà kí ẹ tó pa àgọ́ sí ìtòsí, ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò, pàápàá àwọn obìnrin. Bí wọ́n bá fún yín ní wàrà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Bí ó bá jẹ́ tútù, ẹ lè sè é kí ẹ tó mu ún. Ilẹ̀ yìí wà lábẹ́ Jámánì rí, ó bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ọdún 1961 ló sì tó dara pọ̀ mọ́ Nàìjíríà lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn rẹ̀ dìbò. Àwọn àgbàlagbà tó rántí ìgbà yẹn lè máa bẹ níbẹ̀, ẹ jókòó tì wọ́n bí wọ́n bá ní àyè.

Ìnàkí (èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chimpanzee) wà nínú igbó etí odò, kò sì síbòmíràn ní Nàìjíríà tí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní alaalẹ́ ni wọ́n ń tẹ́ ibùsùn tuntun sórí igi. Ẹ lè rí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀, ewé rẹ̀ á ti gbẹ. Òtútù àyà wa lè pa wọ́n. Ẹni tó bá ń sín tàbí tó ń wúkọ́ kó jìnnà sí wọn, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ ju oúnjẹ sí wọn. Ẹfọ̀n àti ẹkùn wà pẹ̀lú, ẹ lè má rí wọn rárá.

Fún ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó bíi 20 sẹ́ńtímítà, kó jìnnà sí omi ní 60 mítà ó kéré tán, kí ẹ sì fi ilẹ̀ bò ó. Gbogbo ọ̀rá tí ẹ gbé wọlé, ẹ gbé e jáde. Ẹ fi omi pa iná títí ẹ ó fi lè ki ọwọ́ bọ eérú. Koríko ẹ̀ẹ̀rùn kò mọ ẹni tó dá iná.

Ọjọ́ Gangirwal gan-an, ẹ gbéra nídàájí pẹ̀lú ẹrù fífúyẹ́. Ẹ fi aago tí ẹ máa yí padà sọ́kàn, ẹ jọ fẹnu kò sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí aago yẹn bá lù, ẹ yí padà, ibi yòówù kí ẹ dé. Ààlà Kamẹrúùnù wà nítòsí ibẹ̀, ẹ má kọjá ibi tí afinimọ̀nà bá ní kí ẹ dúró.

Nígbà tí ẹ bá padà

Ẹ san gbogbo owó ní Serti kí ẹ tó wọ mọ́tò, kí ẹ sì fi aṣọ òtútù tó ṣì dára sílẹ̀ fún aláàárù bí wọ́n bá fẹ́ ẹ. Ẹ pe ẹni tí ìwé ètò yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìkòròdú. Ẹ parí oògùn ibà títí dé ọjọ́ tí dókítà sọ, ẹ má dá a dúró nítorí pé ẹ ti délé. Bí ibà, orí fífọ́ tàbí egbò tí kò jinná níbi tí eṣinṣin ti jẹ yín bá yọjú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé Gashaka ni ẹ ti ń bọ̀, pé eṣinṣin tsetse wà níbẹ̀, kó má bàa kàn kọ oògùn ibà Èkó fún yín.